Ta Ló Ni Ìtàn Ìfẹ́ Tí Mo Kọ?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ yín. Bí ẹnìkan bá finú hàn yín, tó sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ rẹ̀ fún yín, tí ẹ wá lọ fi ṣe ìtàn, tí ẹ pa orúkọ dà, tí ẹ pa ìlú dà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà á tí inú wọn sì dùn, ṣé olè lẹ jà ni, àbí iṣẹ́ lẹ ṣe? Ẹ má tíì dáhùn. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 22, bí ẹ bá bi mí ní ìbéèrè yìí, kíá ni ǹ bá dá yín lóhùn pé iṣẹ́ ni. Lónìí tí irun orí mi ti funfun, mo máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ru ọ̀rọ̀ náà sókè ni ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó wá kí mi láìpẹ́ yìí. Ó ní òun fẹ́ di òǹkọ̀wé, ìtàn ìfẹ́ ni òun sì fẹ́ máa kọ. Mo ní ó dára. Inú fóònù ló kọ ìtàn rẹ̀ sí. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi kà á, ẹ sọ òótọ́ fún mi o." Mo wọ awò ojú mi, mo kà á. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé àárín, níbi tí ọkùnrin náà ti ń kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà lóru, orí mi wú. Ọ̀rọ̀ náà gbóná fẹlifẹli. Mo bi í pé níbo ló ti rí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ti ọ̀rẹ́ mi ni, Mọ́mì. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà já a kulẹ̀, tó ń sunkún, ló fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá wo ohun tí wọ́n fi tan òun jẹ. Mo kàn dà á kọ ni. Ṣùgbọ́n mo ti pa orúkọ dà o."

Mo dá fóònù padà fún un, mo dákẹ́. Ó rò pé ìtàn náà ni kò dùn mọ́ mi. Kò mọ̀ pé ara mi ni mo rí níbẹ̀.

Ní ọdún 1982, ní Ìbàdàn, iṣẹ́ títẹ̀wé ni mò ń ṣe ní ọ́fíìsì kan. Lọ́sàn-án, lẹ́tà ọ̀gá ni mò ń tẹ̀. Lálẹ́, màá jókòó ti fìtílà, màá máa kọ ìtàn ìfẹ́ sínú ìwé ọmọ ilé-ìwé. Láti ilé-ìwé girama ni kòkòrò náà ti wọ̀ mí lára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ óò rántí àwọn ìwé Mills & Boon tí àwa ọmọbìnrin máa ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì, tí ẹyọ kan á máa ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ á fi ya. Ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ̀ wọ́n ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1908. Ìfẹ́ inú wọn dùn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ilẹ̀ òtútù ni. Èmi ò sì kúkú mọ òmíràn. Nínú ìtàn tí mo kọ́kọ́ kọ, mo ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọbìnrin náà pọ́n wẹ̀ bí ọkùnrin náà ṣe wò ó. Ọmọbìnrin Òkè-Àdó ni o, ó dúdú bí kóró iṣin! Ọkùnrin náà sì gun ẹṣin wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. Ẹṣin, ní Òkè-Àdó!

Nígbà tó ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ìwé Pacesetters tí ilé-iṣẹ́ Macmillan bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1977, tí àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn kọ. Mo tún ka Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, èyí tó jáde ní 1974. Ìwé yẹn ló là mí lójú. Ìbàdàn inú rẹ̀ ni Ìbàdàn tí mo mọ̀. Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin tó ń fẹ́ ń bá ara wọn sọ Yorùbá, ìfẹ́ náà sì ń ta wọ́n lára. Mo wá rí i pé èdè wa gba ìfẹ́. Wàhálà tèmi ni pé n kò mọ ohun tí àwọn ènìyàn inú ìtàn mi yóò sọ. Kò tíì sí ẹni tó fẹ́ mi dé ojú àmì. Bí mo bá ti dé ibi tí ọkùnrin yóò ti la ẹnu, bírò mi á dúró.

Nínú ilé tí mo háyà yàrá sí, obìnrin aránṣọ kan ń gbé ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Àǹtí Aránṣọ ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe máa pè é níhìn-ín. Ó jù mí lọ ní bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀rọ Singer rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, kò sì sí bùbá tàbí ṣòkòtò tí kò lè rán. Kò lọ ilé-ìwé. Nọ́ńbà orí téèpù nìkan ló lè kà. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ wà ní Kàdúná, ní ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí kò bá pẹ́, lẹ́tà á dé.

Èmi ni mo máa ń kà á fún un. Lálẹ́ ló máa ń kan ilẹ̀kùn mi, lẹ́yìn tí àwọn ará ilé bá ti sùn. A óò ti ilẹ̀kùn, n ó kà á, yóò ní kí n tún un kà, yóò tún ní kí n padà sí ibì kan. Lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ èsì, èmi a sì máa kọ ọ́. Kì í sọ ọ̀rọ̀ dídùn bíi ti inú ìwé. Ohun tó ṣe lóòjọ́ ló máa ń sọ. Lọ́jọ́ kan ó ní: "Sọ fún un pé oníbàárà kan gbé aṣọ ṣòkòtò wá. Mo wọn ọkùnrin yẹn o, mo kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo máa gé e, ìwọ̀n ẹsẹ̀ tiẹ̀ ni ọwọ́ mi gé. N ò mọ̀ títí mo fi rán an tán. Mo ti san owó aṣọ fún aláṣọ. Sọ fún un pé ṣòkòtò náà wà níbí, kó wá wọ̀ ọ́."

Mo kọ ọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà, n kò rí ọ̀rọ̀ kan tó tó ti ṣòkòtò yẹn. Lóru ọjọ́ náà, lẹ́yìn tó ti lọ sùn, mo ṣí ìwé tèmi, mo tún un kọ síbẹ̀. Mo wí fún ara mi pé kí n má baà gbàgbé ni.

Nígbà òjò ọdún 1983, lẹ́tà dáwọ́ dúró. Oṣù kan kọjá, oṣù kejì kọjá. Bí ọkùnrin onílẹ́tà bá ti kọjá láìyà, Àǹtí á kàn wò mí, èmi náà á wo ilẹ̀. Àkókò yẹn gan-an ni mo jókòó kọ ìtàn rẹ̀. Mo pa orúkọ rẹ̀ dà, mo sọ Ìbàdàn di Abẹ́òkúta, mo sọ Kàdúná di Jọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ṣòkòtò wà níbẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ní ìparí, mo mú kí ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ ojú irin padà wálé, ṣòkòtò náà bá a mu rẹ́gí, wọ́n sì ṣègbéyàwó. Mo rò pé oore ni mo ṣe é. Mo fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán tẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì, ojú ìwé 14, mo sì fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Owó tí wọ́n fún mi, mo fi ra bàtà.

Kì í ṣe èmi ni mo fi hàn án. Oníbàárà kan ló mú ìwé ìròyìn náà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ń dúró de bùbá rẹ̀, ó wá ń kà á sókè fún àwọn tó jókòó. Èmi ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, mo sì ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ Àǹtí lábẹ́ ohùn náà. Nígbà tó dé ibi ṣòkòtò, ẹ̀rọ dúró. Oníbàárà kà á títí dé òpin. Ó ní, "Háà, ìtàn yìí mà dùn o! Ọkùnrin yẹn ṣe dáadáa." Mo gbọ́ tí Àǹtí dáhùn pé, "Ó ṣe dáadáa lóòótọ́." Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀.

Kò bá mi jà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ǹ bá fẹ́ kó bá mi jà. Bí mo bá kí i, á jẹ́ mi. Bó bá se mọ́ín-mọ́ín, á gbé tèmi wá. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lẹ́tà kan dé láti Kàdúná. Mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sáré jẹun, mo tan fìtílà, mo jókòó, mò ń retí kó kan ilẹ̀kùn. Ohun tí mo gbọ́ ni ohùn ọmọ onílé wa, ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wà ní kíláàsì karùn-ún, nínú yàrá rẹ̀. Ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀, ó ń padà sẹ́yìn. Ìró rẹ̀ ni mò ń gbọ́, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Lẹ́tà ìfẹ́ obìnrin tó ti lé ní 30 ọdún, ọmọdé ló ń kà á fún un, nítorí pé ọmọdé yẹn kì í kọ ìtàn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi dá ẹjọ́ yìí fún ara mi, èmi ni mo pẹjọ́, èmi náà ni mo jẹ́jọ́. Àwíjàre mi sì pọ̀.

Mo kọ́kọ́ ní, mo ti pa orúkọ dà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àṣírí Àǹtí kò sí nínú orúkọ rẹ̀, inú ṣòkòtò yẹn ló wà. Bí ènìyàn bá jí ewúrẹ́ gbé, tó wá kùn ún ní ọ̀dà, olówó ewúrẹ́ á mọ̀ ọ́n bó bá ti ké.

Mo tún ní, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé òun ni. Ta ni mo wá ṣẹ̀? Nígbà náà mo rò pé àṣírí kò tíì tú bí ayé kò bá tíì gbọ́. Mo ti wá mọ̀ pé ó tó kí ẹnìkan ṣoṣo gbọ́, ìyẹn ẹni tó ni ín. Ohun tó sọ fún mi lóru pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì, ó gbọ́ ọ lọ́sàn-án gangan lẹ́nu àjèjì. Àwọn àgbà ló ní gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn.

Mo ní, òpin rere ni mo fi sí i. Ẹ gbà mí gbọ́, èyí ló burú jù. Mo fún obìnrin inú ìwé ní ọkùnrin tí obìnrin inú yàrá kejì ń retí. Àwọn òǹkàwé yọ̀. Nínú gbogbo àwọn tó gbọ́ ìtàn yẹn, òun nìkan ló mọ̀ pé ṣòkòtò náà ṣì wà nínú àpótí, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́.

Èyí tó kù ló lágbára: bí òǹkọ̀wé kò bá mú nǹkan lọ́dọ̀ àwọn alààyè, níbo ni yóò ti mú un? Ọ̀rẹ́ mi kan tí òun náà ń kọ̀wé sọ fún mi pé, "Bí a óò bá máa tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó máa kọ nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, kò yẹ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Láàárín 1929 sí 1930, Isaac Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde bí ẹni pé obìnrin kan tó ti fi ayé rẹ̀ gbafẹ́, tí àìsàn wá dá gúnlẹ̀, tó sì ń kábàámọ̀, ló ń kọ wọ́n. Àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin náà wà láyé lóòótọ́, wọ́n sì ń káàánú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ohun tó lò ni ohun tí gbogbo ará Èkó jọ ní: àdúgbò, aṣọ, orin, òde àríyá, bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó fi wọ́n mọ ènìyàn kan, ènìyàn náà sì dìde, ó rìn. Kò di dandan ká jí alààyè gbé kí ìtàn wa tó lè mí.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé kí ẹni tí wọ́n nà má ké. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fìyà jẹ, tó fẹ́ fi ṣe ìtàn, kò ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọkọ. Ohun tí wọ́n ṣe sí ọ, tìrẹ ni. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ sí ọ lọ́wọ́ ló yàtọ̀.

Àwọn kan á ní, ó tán nìyẹn, kí kálukú máa kọ ìfẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, torí ìfẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹnìkan ń dá ní. Ó kéré tán, ẹni méjì ló ni ín. Ní 1988, mo kọ ìtàn bí èmi àti ọkọ mi ṣe pàdé, mo gbé e fún un pé kó kà á. Ó kà á tán, ó ká a mọ́ra, ó ní: "Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà lo kọ. O ò kọ ìdí tí mo fi sọ ọ́." Mo ní kí ni ìdí náà? Ó ní òun ò ní sọ, kí n má baà tún kọ ìyẹn náà. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo yọ ojú ìwé méjì kúrò.

Ní ọdún 1991, mo gbọ́ pé Àǹtí ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní àdúgbò mìíràn. Mo ra aṣọ ọ̀pá mẹ́fà, mo gbé e lọ bí ẹni tó fẹ́ ránṣọ. Nígbà tí mo débẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó ní, "Dìde jàre, ilẹ̀ yẹn dọ̀tí." Mo ní, "Àǹtí, ẹ foríjì mí, nítorí ìtàn yẹn." Kò dáhùn. Ó gba aṣọ ọwọ́ mi, ó tú u, ó ń wọ̀n ọ́n.

Ó ní, "Wò ó, bí ènìyàn bá wọ bùbá kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, tí ọrùn ẹ̀ wù mí, mo lè rán irú ọrùn yẹn fún ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó máa bá mi jà. Kò sẹ́ni tó ni sítáì. Ṣùgbọ́n aṣọ tó o gbé wá yìí, bí mo bá gé ọ̀pá kan pamọ́ níbẹ̀, tí mo fi ránṣọ fún ọmọ mi, bó ti wù kó yẹ ọmọ náà tó, kí lo máa pè mí?"

N kò lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu.

Ó ní, "Sítáì ló yẹ kó o mú lọ́dọ̀ mi. Aṣọ lo gé."

Ó wá fa dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀, ó mú ìwé ìròyìn náà jáde. Lẹ́yìn ọdún méje! Ó ti rà á lọ́wọ́ oníbàárà yẹn láti ọjọ́ náà. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun gbọ́ ọ, àárín ariwo sì ni, kí n kà á fún òun dáadáa. Mo jókòó sórí àpótí, mo kà á, bíi ti àtijọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí ọkùnrin náà ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, ó ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí." Ó wá sọ fún mi ohun tó wà nínú lẹ́tà tí ọmọdé yẹn kà.

Kí n tó lọ, mo bi í bóyá mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ kan, kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fi kọ́gbọ́n. Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ tìrẹ ni, sọ ọ́ bó ṣe wù ọ́. Ti ṣòkòtò yẹn náà ti jáde, ẹyin tó ti fọ́ kò ṣeé kó. Ṣùgbọ́n lẹ́tà yẹn, tèmi ni."

Gbogbo èyí ni mo sọ fún ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Ó padà lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní rárá. Ó yọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà kúrò, ó wá pè mí, ohùn rẹ̀ kò dùn rárá: "Mọ́mì, ìtàn náà ti gbẹ. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀ mọ́." Mo ní ibi tó gbẹ yẹn gan-an ni kó jókòó sí. Kó bi ara rẹ̀ léèrè, irú ìfẹ́ wo ló máa ń jẹ́ kí ènìyàn kọ lóru ohun tí kò lè sọ lọ́sàn-án? Ìyẹn ni sítáì. Kó wá aṣọ tirẹ̀ tí yóò fi rán an. N kò tàn án jẹ pé ó rọrùn. Láti 1984 ni èmi ti ń wá ọ̀rọ̀ kan tó tó ti ṣòkòtò yẹn, tí yóò jẹ́ tèmi. Mo ti rí díẹ̀ tó sún mọ́ ọn, n kò tíì rí èyí tó tó o.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ̀wé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò tó kọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ìtàn yín síta, ẹ bi ara yín ní ohun kan: ta ni yóò dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró bí wọ́n bá ń ka èyí sí i létí?

Ní ti lẹ́tà Kàdúná, mo mọ̀ pé ẹ̀yin òǹkàwé ti ń retí rẹ̀. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá kọ ọ́, òun ni yóò dùn jù nínú gbogbo ohun tí mo tíì kọ láyé mi. Ẹ foríjì mí.